Ohùn Ènìyàn Ni Kó O Ra Rìsífà Fún

Àbúrò mi, ọjọ́ tó o bá gba ọjà Alábà lọ láti ra rìsífà, ohun àkọ́kọ́ tí oníṣọ́ọ̀bù máa ṣe fún ọ ni pé á yí wúfà sókè. Ilẹ̀ á máa mì, àyà rẹ á máa lù kìkì, òun á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Má tíì sanwó. Ní kó pa orin yẹn, kó gbé fíìmù tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ sí i, kó sì yí i wálẹ̀ títí ẹ̀yin méjèèjì á fi lè máa dúnàá-dúrà láì pariwo. Tó o bá ṣì ń gbọ́ gbogbo ohun tí òṣèré ń sọ, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu yín. Tó bá jẹ́ pé kìkì kùgbù-kùgbù lò ń gbọ́, kí i, kó o sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Ohùn ènìyàn ló yẹ kó o tìtorí ẹ̀ ra rìsífà. Ariwo wà nígboro lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé rẹ lálẹ́, torí ilé gbogbo wa ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jókòó sídìí fíìmù, babaláwo ń bá ọba sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, o ò gbọ́ ohun tó wí, o mú rìmóòtù, o yí i sókè. Kò pẹ́, ìlù dé, ìbọn dún, ọmọ tó o ti ń rọ̀ kó sùn láti bíi wákàtí kan ta jí. O tún yí i wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa bá a yí títí fíìmù á fi parí. Etí rẹ ò ní àléébù. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ńlá máa ń pín ohùn rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́fà, òun ni wọ́n ń pè ní 5.1: mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹyọ kan tó kù fún àrá, ìlù àti gbogbo ohun tó bá rinlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àárín níwájú ni wọ́n ń fi í sí. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri rẹ kì í sábà ní ju sípíkà tíntìntín méjì lọ, àwọn náà sì kọjú sí ilẹ̀ tàbí sí ògiri. Ó wá rọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ gba ojú ihò kékeré yẹn, ọ̀rọ̀ rì sábẹ́ ìlù. Yorùbá tá à ń sọ yìí, tí ohùn bá ti ṣókùnkùn, ìtumọ̀ ti sọ nù nìyẹn.

Iṣẹ́ rìsífà ni kó gba ohùn láti ara dìkódà, láti ara Netflix, láti ara géèmù àwọn ọmọ, kó tú u sí ọ̀nà tí wọ́n pín in sí, kó fún kálukú lágbára, kó sì darí rẹ̀ sí sípíkà tirẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ti ní sípíkà tirẹ̀ láàárín, o lè fi kún òun nìkan láì fọwọ́ kan ìlù. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tá à ń wò lórí YouTube ò ju ọ̀nà méjì lọ ní tiwọn, ọ̀tún àti òsì. Má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Nínú rìsífà, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Dolby Surround, ti àtijọ́ ń jẹ́ Pro Logic II. Ohun tó bá dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì ló ń ṣà jọ sí àárín, ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì sábà máa ń dọ́gba bẹ́ẹ̀.

Ṣé gbogbo ilé ló nílò ẹ̀? Rárá o. Tó bá jẹ́ pálọ̀ kékeré lẹ háyà, tí ẹ sì ti ń múra à ti kó lọ́dún tó ń bọ̀, soundbar tó ní sípíkà àárín, èyí tí wọ́n kọ 3.1 sí lára, á ṣe ọ́ lóore, kò sì ní wáyà tó máa wọ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fìdí kalẹ̀, rìsífà ni mo fara mọ́. Tí soundbar bá bàjẹ́, gbogbo ẹ̀ lẹ máa gbé sọ nù; ti rìsífà, sípíkà ọdún yìí lè bá ẹ̀rọ ọdún mẹ́wàá sí i ṣiṣẹ́, o sì lè máa rà á díẹ̀díẹ̀ bí owó bá ṣe ń wọlé. Kó o kọ́kọ́ ra mẹ́ta iwájú, kó o fi ti ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ dìgbà tí àjọ bá kàn ọ́, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Kódà tí owó ò bá tó, sípíkà àárín tó dáa ni kó o fowó sí, kó o fi wúfà sílẹ̀ ná.

Ká tó dé orí wáàtì, ká sọ̀rọ̀ iná, torí ibẹ̀ lowó ti ń jóná jù. Ọ̀pọ̀ rìsífà tó wà lọ́jà wa, tòkunbọ̀ ni. Mi ò bú tòkunbọ̀ o. Èyí tí wọ́n tọ́jú dáadáa níbi tó ti wá lè sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ fíìfíì. Àmọ́ kó o béèrè ibi tó ti wá. Ti Lọ́ńdọ̀nù, 230 volt ni, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ti Amẹ́ríkà, 120 volt ni. Ti Japan, 100 volt. Bí wọ́n bá ki èyíkéyìí nínú méjì ìkẹyìn yìí bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé rẹ, èéfín lo máa rí. Má sì fi pílọ́ọ̀gì mọ̀ ọ́n. Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè ti gé e kúrò, kí wọ́n sì ti fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa dípò rẹ̀ kí ọjà tó dé iwájú rẹ. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ gan-an ni kó o wò, nítòsí ibi tí wáyà iná ti jáde. Ohun tó ò ń wá níbẹ̀ ni AC 230V, 50Hz. Àwọn kan ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ VOLTAGE SELECTOR sí, tó o lè fi yí i láti 120 sí 230. Tí kò bá sí, tí oníṣọ́ọ̀bù wá ní, "Àǹtí, step-down máa gbé e," ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín volt kù, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ṣírò owó step-down mọ́ owó ọjà, kó o sì ronú nípa ọjọ́ tí ẹnì kan nínú ilé máa yọ wáyà láti ṣáájì fóònù, tó máa wá dá a padà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe tiẹ̀. Nínú ilé tí ọwọ́ púpọ̀ ti ń tọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, n ò ní bá ọ dámọ̀ràn rẹ̀.

Tó o bá ń lo ínfátà, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ọ gbé e sílé bóyá pure sine wave ni. Tí kì í bá ṣe òun, rìsífà lè máa kùn hùn-ùn lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ò ń gbọ́, tiransifọ́mà inú rẹ̀ á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ti iye iná tó ń jẹ, má jẹ́ kí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ já ọ láyà. Bí wọ́n bá kọ 400 wáàtì síbẹ̀, fíìmù tẹ́ ẹ ń wò ní ohùn tí ẹ ṣì lè fi bára yín sọ̀rọ̀ kò ní jẹ tó ìlàjì rẹ̀. Ohun tó máa ń jẹ bátìrì láìjẹ́ pé o mọ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní HDMI pass-through tàbí network standby, tí rìsífà ń fi ojú kan sùn ní gbogbo òru. Wọ inú mẹ́nù, pa méjèèjì.

Ó wá ku wáàtì, ohun tí àwọn ọkọ wa fẹ́ràn jù. Bàbá àwọn ọmọ mi, nọ́ńbà ńlá ló máa kọ́kọ́ wò lára páálí, ó sì máa kà á sókè. Èmi àtìẹ la jọ ń sọ ọ́ o: ọ̀pọ̀ nínú nọ́ńbà yẹn, àfẹnujẹ́ ni. Èyí tí wọ́n bá kọ PMPO sí nídìí, má tiẹ̀ kà á sí wáàtì rárá. Èyí tí wọ́n kọ "1000W" gàdàgbà sára páálí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo sípíkà ni wọ́n rò pọ̀, ní ìwọ̀n ariwo tí ohùn ti ń ya, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Wá ìlà kékeré inú ìwé rẹ̀ tó máa sọ pé sípíkà méjì ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láti 20Hz dé 20kHz, lórí 8 ohm, kí ìbàjẹ́ ohùn tí wọ́n ń pè ní THD má sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá kọ 70 wáàtì sí ìlà yẹn ti sọ òtítọ́ fún ọ, 70 yẹn á sì kún pálọ̀ rẹ dé ẹnu. Tó o bá tiẹ̀ sọ ọ́ di 140, ohun tó máa fi kún ohùn ò ju 3dB lọ, ìyẹn ni pé wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fura pé nǹkan kan ti yí. Kí etí rẹ tó lè sọ pé ó ti di ìlọ́po méjì, wáàtì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ṣé o rí i pé sípíkà ni kó o gbé owó yẹn lọ fún? Sípíkà tí wọ́n kọ 90dB sí lẹ́yìn máa ń fi ìlàjì wáàtì dún tó èyí tí wọ́n kọ 87dB sí.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí, torí ó ti ba rìsífà ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Sípíkà home theatre àtijọ́ tó wà nílé yín, èyí tó bá ẹ̀rọ DVD wá nínú páálí kan ṣoṣo. Ojú á wọ̀ ọ́, wàá ní, "Ṣebí sípíkà nìyí, kí ni mo tún fẹ́ rà?" Dojú ọ̀kan dé, kó o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ 3 ohm tàbí 4 ohm, torí ẹ̀rọ tiwọn nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Rìsífà tó o máa rà, wọ́n á ti kọ ọ́ síbi tí sípíkà ń wọ̀ pé 6 sí 16 ohm lòun fẹ́. Bí ohm bá ṣe kéré tó ni iná tí sípíkà ń fà ṣe ń pọ̀ tó. Tó o bá so 3 ohm mọ́ ọn, ó lè dún dáadáa nígbà tí ohùn bá ṣì wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí àlejò bá dé tí ẹ yí i sókè, á kàn kú pii, á kọ PROTECT sójú. Ẹ̀rọ ń gba ara rẹ̀ là nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń tàn án padà ṣáá, ọjọ́ kan á dé tí kò ní lè gba ara rẹ̀ là mọ́. Ta sípíkà yẹn fún ẹni tó ní irú ẹ̀rọ tó bá wá, kó o fi kún owó tuntun.

Ojú HDMI ńkọ́? Èyí tó o gbọ́dọ̀ bá lára rìsífà ni èyí tí wọ́n kọ ARC sí, níbi tí wọ́n kọ OUT. Láti ọdún 2009 ni ARC ti wà. Òun ló ń jẹ́ kí wáyà kan ṣoṣo gbé àwòrán lọ sí tẹlifíṣọ̀n, kó sì gbé ohùn Netflix inú tẹlifíṣọ̀n padà wá. eARC, àbúrò rẹ̀ tó dé ní 2017, lè gbé ohùn tó kún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá rí i, ó dáa, tó ò bá rí i, fíìmù 5.1 ò ní tìtorí ẹ̀ ṣá. Wọ́n á tún máa sọ̀rọ̀ 8K sí ọ létí. Àfi táwọn ọmọ rẹ bá ní PS5 tàbí Xbox tuntun, tí tẹlifíṣọ̀n yín náà sì lè gbé 4K ní 120Hz, má fowó ẹ̀ ṣòfò. Dolby Atmos, tó bẹ̀rẹ̀ ní sinimá ní 2012, fẹ́ kó o ní sípíkà lókè àjà. Ohùn àrá tó ń ti òkè wá dùn, n ò purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ló fẹ́ fi òkè àjà ṣe? Tó o bá fẹ́ orúkọ tó o lè mú lọ sọ́jà, Yamaha RX-V385 àti Sony STR-DH590 wà. Ẹlẹ́nu márùn-ún ni wọ́n, wọ́n ní ARC, àwọn méjèèjì ló sì ń bá máìkì tí wọ́n fi ń wọn pálọ̀ wá.

Máìkì yẹn ṣe pàtàkì. Bó o bá ń ra tòkunbọ̀, béèrè rẹ̀ kó o tó dá owó lé e, torí ó sábà máa ń sọ nù lọ́nà, ti ẹ̀rọ kan kì í sì í bá òmíràn mu. Mú fóònù rẹ àti wáyà HDMI tìrẹ dání. Jẹ́ kí wọ́n ki nǹkan bọ gbogbo ojú HDMI lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó kú kì í kọ orúkọ rẹ̀ síwájú. So sípíkà kan mọ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Tàn án sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúnàá-dúrà lọ, kó gbóná dáadáa. Tó bá máa kú, kó kú síwájú ẹni tó ni ín.

Ó dọwọ́ rẹ wàyí, ó ti délé. Pálọ̀ wa nílé Yorùbá, ara ògiri la máa ń tò àga sí yípo, kí àlejò lè ríbi jókòó, kí àárín sì ṣófo fún ọmọdé. Ìwé tó bá rìsífà wá á ní kó o gbé sípíkà sẹ́yìn àga. Ẹ̀yìn àga rẹ, ògiri ni. Má dààmú. Sípíkà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, fi sùkúrù kan wọ́n mọ́ ògiri ọ̀tún àti tòsì, kó ga ju orí ẹni tó jókòó lọ díẹ̀, kí wọ́n kọjú síra wọn. Ti iwájú méjì, ya wọ́n kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, kí ọ̀nà tó wà láàárín àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀nà tó wà láti ọ̀dọ̀ wọn dé àga rẹ. Ti àárín, má tì í wọ ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Fà á wá sí etí tábìlì gan-an, kí ohunkóhun má ṣe yọrí síwájú rẹ̀, tó bá sì wà nísàlẹ̀, ki igi pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ iwájú rẹ̀, kó gbójú sókè sí etí yín. Ohun tí èyí nìkan máa ṣe fún ọ̀rọ̀ ẹnu, owó rìsífà tuntun ò lè ṣe é.

Wáyà sípíkà ò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó tín-ín-rín bí òwú. Èyí tí àwọn ẹlẹ́ńtíríìkì ń pè ní 1.5mm, bàbà gidi, tó fún pálọ̀ wa. Fi ọ̀bẹ ha okùn inú rẹ̀ kan: tí inú bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n kun ní bàbà ni, dá a padà fún ẹni tó tà á. Bó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀, lọ́ ọ dáadáa kí okùn kankan má yọ jáde. Okùn tíntín kan ṣoṣo tó bá ti ara pupa kan dúdú lè mú kí rìsífà pa ara rẹ̀ tàbí kó jóná. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, ní ẹ̀yìn rìsífà àti ní ẹ̀yìn sípíkà. Bí ọ̀kan bá yí padà, kò ní kú, ṣùgbọ́n ohùn á fẹ́lẹ́, ìlù ò ní rinlẹ̀ mọ́, o ò sì ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá. Tí wáyà rẹ ò bá ní àmì, fi bátìrì rìmóòtù kan ṣoṣo kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì fìrí, kó o wo ojú sípíkà: tó bá sún jáde síta, ẹnu tó kan orí bátìrì ni pupa.

Wúfà, igun yàrá ni gbogbo wa máa ń jù ú sí. Igun máa ń mú un wú ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀nà kan wà tí àwọn ọmọ rẹ máa gbádùn. Gbé wúfà gangan sórí àga tó o máa ń jókòó sí, fi orin tó ní ìlù tó rinlẹ̀ sí i, kó o wá máa rá kiri ilẹ̀ pálọ̀, kí etí rẹ wà nísàlẹ̀. Níbì kan á máa dún gọ̀gọ̀, níbòmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún mọ́, níbì kan wàá gbọ́ ìlù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ ni wúfà máa gbé. Máa rẹ́rìn-ín, kò burú, ọkọ rẹ náà á rẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gbé e lé fóòmù tó le díẹ̀, nítorí àwọn ará ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá máa fi máìkì wọn pálọ̀, ẹ jí kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó gba títì. Ẹ pa fáànù, ẹ pa AC, ẹ pa fíríìjì tó bá wà nítòsí, ẹ má lo jẹnẹrétọ̀ rárá, kẹ́ ẹ dúró dìgbà tí iná bá wà tàbí kẹ́ ẹ lo ínfátà. Kó àwọn ọmọ lọ sí yàrá. Máìkì ò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, kò sì gbọ́dọ̀ sùn sórí ìrọ̀rí. Orí sítáńdì kámẹ́rà ni, ní ibi tí etí rẹ máa wà tó o bá jókòó. Ẹ̀rọ á wá máa sọ ohùn kan tó dà bí òjò láti sípíkà dé sípíkà, á máa wọn bí kálukú ṣe jìnnà tó àti bó ṣe lágbára tó. Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Tí ẹlẹ́kọ bá polówó kọjá lójú fèrèsé, ẹ tún un ṣe.

Tó bá parí, má gba gbogbo ohun tó sọ gbọ́. Wọ inú mẹ́nù sípíkà. Bó bá ti pè wọ́n ní Large, tó o sì ti ní wúfà, yí gbogbo wọn sí Small, bí wọ́n tilẹ̀ ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta, kó o sì fi crossover sí 80Hz. Ohun tó ò ń sọ fún un ni pé kí ohun tó bá rinlẹ̀ ju 80Hz lọ máa lọ sí wúfà, kí sípíkà tó kù lè ráyè gbájú mọ́ ọ̀rọ̀. Etí wa ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ohùn tó rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Lẹ́yìn náà, fi 2dB kún sípíkà àárín. Gbé Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2022 sí i, tàbí Jagun Jagun ti 2023, kó o wá ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́ àti ibi tí ariwo ti pọ̀. Tó o bá lè wo méjèèjì láì fọwọ́ kan rìmóòtù, ó ti dáa.

Tí ohùn ò bá jáde rárá láti ara tẹlifíṣọ̀n, má tíì pe ẹnikẹ́ni. Wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n bóyá ojú HDMI tí wọ́n kọ ARC sí ni wáyà wà, torí ẹyọ kan ṣoṣo ló máa ń ní in. Wọ inú mẹ́nù rẹ̀, tan CEC. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ní Simplink, Sony ní Bravia Sync. Ibi tí wọ́n kọ digital audio, tó bá wà lórí PCM, ọ̀nà méjì péré ni ARC máa gbé wá. Yí i sí Bitstream tàbí Auto. Tí ẹnu òṣèré bá ń ṣáájú ohùn rẹ̀, tàbí tí ohùn bá ń ṣáájú ẹnu, ibi tí wọ́n kọ audio delay tàbí lip sync lo máa lọ.

Pálọ̀ náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Ilẹ̀ táìsì, ògiri bíríkì, fèrèsé gíláàsì, àjà POP: bí o bá pàtẹ́wọ́ ní àárín rẹ̀ tó ń dá ọ lóhùn, ọ̀rọ̀ òṣèré náà á máa dá ara rẹ̀ lóhùn. Rọ́ọ̀gì tó nípọn láàárín àga àti tẹlifíṣọ̀n, àti kọ́tìnì tó wúwo tó balẹ̀, ni oògùn rẹ̀. Àǹfààní wa ló jẹ́ o, torí o ti ń wá ohun tó o máa fi bẹ ọkọ rẹ kó pààrọ̀ kọ́tìnì yẹn tipẹ́.

Rìsífà ń gbóná, ó fẹ́ mí. Má bo orí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi crochet ṣe, má gbé dìkódà lé e, má gbé òdòdó lé e. Fi àlàfo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ó kéré tán. Ọmọńlé fẹ́ràn ihò orí rẹ̀ nítorí ooru, ó ń wọ inú rẹ̀ lọ sùn, ó sì lè kú sórí wáyà inú rẹ̀, kí ẹ̀rọ bá a kú. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó já ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe. Lásìkò ọyẹ́, fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku ojú ihò náà lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Tí wọ́n bá mú iná lọ, yọ pílọ́ọ̀gì rẹ̀. Tí wọ́n bá mú un dé, jẹ́ kí iná náà dúró dáadáa kó o tó kì í padà, kódà tó o bá ní sitabiláísà, torí bí iná ṣe máa ń já wọlé nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Bọ́tìnì méjì sí i, kí n jẹ́ kó o lọ. Èkíní ni èyí tí wọ́n kọ Night tàbí Dynamic sí: ó ń tẹ ohùn ńlá wálẹ̀, ó ń gbé kékeré sókè, lò ó tí ọmọ bá ti sùn. Èkejì ni All Channel Stereo, èyí tó ń mú kí gbogbo sípíkà máa kọ orin kan náà. Ti ìsọmọlórúkọ àti ọjọ́ ìbí ni, kí àwọn tó jókòó sẹ́yìn pálọ̀ náà lè gbọ́ orin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń dàrú mọ́ ara wọn nínú rẹ̀, nítorí náà kí àlejò tó lọ tán, dá a padà sí Dolby Surround. Ìyá ọkọ rẹ á jí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, á ní kó o bá òun fi ìwàásù sí i, mi ò sì fẹ́ kó o jẹ́ ẹni tó ń wá bọ́tìnì nígbà tí pásítọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀.